Ojú Ilé Wa Kọ Ọ̀sà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú afẹ́fẹ́, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ilé ìdáná tí òkun gbé lọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo jókòó sí. Mo kí Àǹtí Yẹ́misí, àbúrò yín tó gbà yín sínú yàrá rẹ̀ láìráhùn. Mo kí Bàbá Olùṣọ́àgùntàn àti gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n Baba wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Ẹni yòówù tó bá ń bá yín ka lẹ́tà yìí, mo kí òun náà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè, ẹ má sì fo ibì kankan.

Ìyá mi, ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé e dé gbangba. Etí mi ti kún. Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo ẹgbẹ́ ìyá, ẹ ní owó tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ká fi tún ilé Ẹ̀pẹ́ ṣe kó lè ṣeé tà, èmi àti Ṣẹ́gun àbúrò mi ti fi jayé n'Ìkòròdú. Háà! Ayé wo là ń jẹ, Ìyá mi? Ṣé ayé tí ẹ̀fọn ń jẹ àwa náà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá má bàa ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, apẹja ni Baba wa. Láti etí òkun Ìlàjẹ ló ti wá ń da àwọ̀n lójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ náà ló sì kọ́lé sí, létí omi gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti Ṣẹ́gun sí. Ẹja tí Baba bá pa, ẹ̀yin lẹ máa ń yan án lẹ́yìn ilé, ẹ ó sì gbé e lọ sí Ọjà Olúwo. Nígbà tí Baba kú, ẹ gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé n'Ìlàjẹ, ẹ ò sì padà wá sí Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ní báyìí òkun ti ń jẹ ìlú lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ó ti jẹ ilé ìdáná yín, ó ti dé ẹsẹ̀ ògiri yàrá. Àwọn ará àdúgbò ti ń kó lọ sí ilẹ̀ gíga tí ìjọ pín fún wọn, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí kò bá kọ́ tirẹ̀ kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ ìbínú rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Bí a bá ta ilé Ẹ̀pẹ́ dáadáa, Ìyá mi á ní ilé. Bí a bá tà á ní ìtàkutà, Ìyá mi á máa sùn sórí ẹní ní yàrá àbúrò rẹ̀, títí omi yóò fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò náà.

Ẹ máa ń bi mí bóyá Ìkòròdú gbà mí. Ó gbà mí, bí ọkọ̀ tó ti kún ṣe ń gba èrò kan sí i. Yàrá kan ni mo gbà ní Ìgbògbò, iwájú rẹ̀ náà ni mo gbé ẹ̀rọ sí. Iná kì í dúró, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa ẹ̀rọ látàárọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, orúnkún mi á máa bá mi jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, páànù orí wa ń gbóná débi pé aṣọ oníbàárà ń gba òógùn mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, iwájú ṣọ́ọ̀bù di ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá á sáré kọjá, á ta á sára aṣọ tí mo fà kọ́, oníbàárà á ní èmi ni mo dọ̀tí rẹ̀. Èèyàn pọ̀ nílé tí mò ń gbé, a máa ń tò dúró ni ká tó wẹ̀. Síbẹ̀ mo dá wà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ orúkọ tí Baba fi ń pè mí. Nígbà míràn tí obìnrin kan bá kiri ẹja yíyan kọjá, tí òórùn rẹ̀ fẹ́ sí mi nímú, ojú mi á kàn máa ṣomi, màá ní abẹ́rẹ́ ló gún mi.

Ṣẹ́gun tí ẹ ní ó ń jayé, kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló ń wà ní Gáréèjì Ìkòròdú. Àwọn ọmọ gáréèjì ń gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ń dúró de tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá bá mi dé Ẹ̀pẹ́, ebi ló ń pa á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹni tó ń jayé nìyẹn.

Mo mọ ibi tí owó yín ti wá. Mo mọ̀ pé wúrà etí yín ni ẹ tà, bí ẹ ò tilẹ̀ sọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ sára mi. A lọ bá Àlájì Lásísì, bàbá kan nílùú Ẹ̀pẹ́ tó ń bá èèyàn ta ilé. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká má ṣe àṣejù, pé ẹni tó bá fẹ́ ta ilé pẹ̀lú owó kékeré, ibi tí àlejò máa kọ́kọ́ fojú kàn ni kó tún ṣe. Ó ní bí ojú bá ti gba ibẹ̀, ẹnu kò ní lè dá owó yẹpẹrẹ lé e mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyá mi, igbó ti fẹ́ gbé ilé yẹn mì. A ro ó. Ejò kan jáde lábẹ́ ọkọ̀ Baba tó ti fọ́, Ṣẹ́gun sá débi pé ó gbàgbé àdá sílẹ̀, èmi ni mo fi igi lé ejò lọ, kó má bàa sọ fún yín pé òun ló lé e. A dí ihò páànù. A fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dí ibi tí ògiri ti lanu. Nígbà tó kan ọ̀dà, owó tó kù kò lè ra ju èyí tó máa tó ìhà kan ilé lọ. Ìhà kan péré. Ṣẹ́gun kò bi mí pé ìhà wo. Èmi náà kò bi í. A gbé garawa ọ̀dà, a yípo ilé, a lọ dúró síbi tó kọjú sí ọ̀sà.

Búlúù ni mo rà, irú èyí tí Baba fi ń kun ọkọ̀ rẹ̀, Ṣẹ́gun sì fa ìlà funfun kan sí i nísàlẹ̀ bí ti ọkọ̀ náà. A ha ewédò kúrò lára àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, kí ẹsẹ̀ àlejò má bàa yọ̀. A ri òpó tuntun mọ́lẹ̀ fún síso ọkọ̀. A fi amọ̀ tún pèpéle yín rẹ́, ibi tí ẹ máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ń retí Baba. Nígbà tí a parí, Ṣẹ́gun wọ omi dé orúnkún láti wò ó, ó dúró pẹ́. Ó ní bí Baba bá ń ti ojú ọ̀sà bọ̀, á rò pé ilé onílé ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé iṣẹ́ Ìyá mi ti parí.

Àlájì wá pè, ó ní òun ń mú olówó kan bọ̀ láti Èkó. Ìrì kò tíì gbẹ tí èmi àti Ṣẹ́gun fi dé ilé. Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ ẹní sórí pèpéle, mo bu omi mímu sílẹ̀. Mo wọ aṣọ tí mo rán fún Àjíǹde. A jókòó, a kọjú sí ọ̀sà, à ń retí àlejò. Ọkọ̀ kan yọ lókèèrè, mo tún aṣọ mi ṣe. Ẹlẹ́ja ni, ó kọjá. Òmíràn yọ, ó kọjá. A gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́yìn ilé. Ṣẹ́gun ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwọn tó ń kó yanrìn. Mo ní àwọn náà ni. A ò dìde.

Ìgbà tí mo gbọ́ tí Àlájì ń kígbe orúkọ mi ni mo tó sáré yí ilé po. Ọkùnrin náà ti ń yí mọ́tò rẹ̀ padà, ó fi áńkáṣífù bo imú. Ẹ ò rí ohun tó rí! Ṣáláńgá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já. Àwọ̀n jíjẹrà tí a kó jọ pelemọ. Ibi tí ẹ ti ń yan ẹja, tí ògiri rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo ìdọ̀tí tí a kó kúrò létí omi, ẹ̀yìn ilé la dà á sí, torí ẹ̀yìn ilé ni, ta ni yóò débẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni àlejò wa gbà wọlé. Mo di ojú fèrèsé mọ́tò mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn yà wo ojú ilé. Ó ní òun ti rí ojú ilé. Ó sì lọ.

Àlájì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, èéfín ara rẹ̀ sì yí i lọ́wọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ará omi ni wá lóòótọ́. Ó ní láti ìgbà tí títì ti dé ẹ̀yìn ilé yìí, ta ló tún ń wa ọkọ̀ ojú omi wá ra ilé? Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní kò wá sí òun lọ́kàn pé èèyàn lè tún ilé ṣe kó kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ká ní kì í ṣe àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ ì bá jáde lẹ́nu mi.

Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Onímọ́tò náà ní òun á rà á, àmọ́ owó ilẹ̀ lásán lòun máa san, òun á sì yọ owó tí wọ́n máa fi wó ilé kúrò nínú rẹ̀. Wó ilé! Ó ní òun fún wa títí di ìparí oṣù yìí, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òun ti rí ilẹ̀ míràn. Mo ṣírò rẹ̀ síwá, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá gba owó yẹn, ó lè gbé ìpìlẹ̀ yín àti ògiri díẹ̀. Kò kan òrùlé. Ìyá mi, ṣé abẹ́ ògiri tí kò lórùlé lẹ máa wà tí òjò á máa rọ̀ lé yín lórí?

Lọ́jọ́ tí onímọ́tò wá yẹn, bí a ṣe ń padà sí Ìkòròdú, ọ̀nà Ìtòìkín ni èmi àti Ṣẹ́gun ti jà. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló gbọ́ wa. Ó ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ló yẹ kó ronú. Mo ní òun tó ń wa kẹ̀kẹ́ lórí títì ojoojúmọ́ ló yẹ kó mọ̀ pé títì ni aráyé ń gbà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, bí ẹ bá ní kí òun lọ wo ẹni tó ń bọ̀, omi lòun máa ń wò. Bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ká ní ẹ̀yin lẹ di búrọ́ọ̀ṣì mú, ibẹ̀ lẹ máa kùn. Mo dé yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Wúrà etí yín ni mo ń rí. Mo rí i tó ń dán lára ògiri tí ẹnikẹ́ni kò ní wò.

Owó ti tán, àmọ́ ọwọ́ kù. A padà lọ. A kó àwọ̀n jíjẹrà dànù. Ṣẹ́gun fi pákó ọkọ̀ Baba kan ilẹ̀kùn tuntun fún ṣáláńgá, ẹ darí jì í, igi míràn kò sí. Èmi kojú ibi ẹja yíyan. Eérú, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni mo fi bá a jà. Omi dúdú ń ṣàn wá sí ìgúnpá mi. Ọjọ́ tí mo bá lọ, mi ò ní ránṣọ, àwọn oníbàárà ti ń bú mi n'Ìgbògbò, ọ̀kan ti wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìtíì rán. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ògiri ò funfun. Ó kàn kúrò ní dúdú, ó wá dà bí àwọ̀ tíì. Àlájì mú ẹni méjì míràn wá. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àwọn á pè. Ẹ mọ ohun tí "a máa pè yín" túmọ̀ sí. Oṣù ń lọ, mi ò lè jẹun mọ́.

Ìyá mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà rèé. Mò ń fọ ògiri lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn obìnrin níwájú ilé, létí omi, tó ń kí onílé. Mo sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. Ọkọ̀ kan ti so mọ́ òpó tuntun wa. Obìnrin kan ti gun àtẹ̀gùn, ó ti jókòó sórí pèpéle yín, ó ń fi gèlè fẹ́ ara. Kò sí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án. Ìyá Rìsíkà ni, oníṣòwò ẹja ní Ọjà Olúwo. Ó ní àwọn awakọ̀ ló ń sọ ọ́ lọ́jà pé ilé apẹja kan tó ti kú ti tún ń tàn lójú ọ̀sà, pé láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń rí i. Ó ní òun ń wá ibi tí ọkọ̀ ẹja lè gúnlẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà òun, kí mọ́tò sì lè gbà á lẹ́yìn. Mo fẹ́ fò mọ́ ọn, ọwọ́ mi ló dọ̀tí.

Ó la inú ilé kọjá dé ibi ẹja yíyan. Ó wo ògiri tí mo fọ̀, ó pariwo. Ó ní ta ló rán mi ní iṣẹ́ yìí? Pé èéfín yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti jẹun níbẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ń yan ẹja níhìn-ín. Nígbà tí mo dárúkọ yín, ó pàtẹ́wọ́. Ó rántí yín, Ìyá mi! Ó ní ẹja ìyá Ìlàjẹ tí kì í jóná, tí kì í sì í tutù nínú. Ó dá owó. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síta níhìn-ín, ayé burú, àmọ́ ó kan òrùlé. Ó kan òrùlé, ó kan ilẹ̀kùn, ó tún lè kan ilé ìdáná.

Mo ní ká máa lọ bá Àlájì lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá. Ó bi mí bóyá ìyá ṣì wà láyé. Mo ní ẹ wà, mo sì sọ bí ẹ ṣe kúrò. Ó mi orí. Ó ní òun kì í fi owó òun ra ilé tí opó fi ẹkún jáde nínú rẹ̀, àfi kí opó náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ padà, kó jẹun níbẹ̀, kó fi ẹ̀rín di òun lọ́wọ́ mú wọlé. Ó ní bí obìnrin kan bá fi ìbànújẹ́ pa iná ààrò, obìnrin míràn kì í kàn wá dáná sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ọmọ yín wà níbẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ó ní ọjọ́ ọjà Olúwo tó gbẹ̀yìn nínú oṣù yìí lòun á padà wá. Bí òun bá bá yín, òun á sanwó. Bí òun ò bá bá yín, kí n ta á fún ẹni tó fẹ́.

Mo pè yín. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní ẹ̀yìn ilé lẹ gbà jáde, ẹ ò wẹ̀yìn, ẹ ò sì ní wẹ̀yìn láyé. Ẹ ní kí n gba owó onímọ́tò, kó wó o, kí gbogbo rẹ̀ parí. Kí n tó sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Láti ìgbà náà mo ti ń pè, ẹ ò gbé e. Àǹtí Yẹ́misí ní ẹ ní ẹ ń sùn. Ìyá mi, oorun wo lẹ ń sùn lọ́sàn-án gangan?

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mo mọ ohun tó ń dùn yín. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ojú omi ló ń gbà wọlé lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, tí ẹ máa ń mọ ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ogún ọkọ̀, ẹ̀yìn ilé la gbé e gbà jáde. Torí pé mọ́tò agbókùú kò lè dé etí omi. Ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá la gbé e kọjá. Ẹ tẹ̀lé wọn, ẹ fi ìborùn bojú, ẹ ò wo ọ̀sà rárá. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó ń dun èmi náà, n kò kàn ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ni. Ṣùgbọ́n òkú ti lọ, Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kù fún wa. Ẹni tó bá ta ohun rẹ̀ lọ́pọ̀ kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Bí onímọ́tò bá wó ilé yẹn, ohun tí ẹ sá fún kò ní parí, á kàn di pé ẹ ò ní ilé lọ́dọ̀ wa, ẹ ò sì ní ilé lọ́dọ̀ yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá, ẹ bá wa gbé e dúró.

Mi ò ní kí ẹ wá gbé. Ọjọ́ kan ni. Màá se oúnjẹ, Ṣẹ́gun á ra ẹja, ẹ̀yin á bú u pé kò mọ ẹja rà. Ẹ di Ìyá Rìsíkà lọ́wọ́ mú. Bí ẹ bá fẹ́ sunkún, ẹ kọ́kọ́ sun ún, ẹ wá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, kò ní bi yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba títì. Bí ẹ bá gba títì, ohun tí onímọ́tò rí lẹ máa rí, ibi tí ẹ gbà lọ náà lẹ máa gbà bọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹja wá sí Olúwo máa ń gbéra láti Àtìjẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín kí ọjà tó ná. Ẹ bá wọn wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó síwájú ọkọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ fún gèlè yín le. Bí ọkọ̀ bá yí etí esùsú kọjá, ẹ gbójú sókè. Ẹ ó rí wúrà yín níbẹ̀. Ara ògiri la fi sí.

Èmi àti Ṣẹ́gun á ti jókòó sórí pèpéle bí a ṣe jókòó lọ́jọ́ onímọ́tò, pẹ̀lú ẹní àti omi mímu, a ó kọjú sí ọ̀sà. Ìgbà yẹn, wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tó yẹ ká ti máa retí àlejò la ó wà.

Omi tó bọ́ wa kò ní gbé wa lọ, láṣẹ Ọlọ́run. Ẹ ó kọ́lé, ẹ ó gbé e, ẹ ó pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ti ha á. Ẹ bá mi kí Àǹtí Yẹ́misí, kó má sọ fún mi pé ẹ ń sùn mọ́. Ẹ bá mi kí ẹgbẹ́ ìyá, kí wọ́n bá mi bẹ̀ yín, kí wọ́n sì bá mi di ẹrù yín. Ṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Èmi ọmọ yín tó ń wo ojú omi,
Fúnmiláyọ̀,
Ìgbògbò, Ìkòròdú.